Obì, Oorun àti Làákàyè: Ìtàn Jíjẹ Obì ní Ilẹ̀ Yorùbá àti Ilẹ̀ Haúsá

Inú igbó kìjikìji ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni igi obì ti ń hù, láti Sierra Leone títí dé Kámẹ́rúùnù. Ìbátan kòkó ni. Oríṣi méjì ló gbajúmọ̀ jù: obì àbàtà, tí ó máa ń là sí awẹ́ mẹ́ta, mẹ́rin tàbí márùn-ún, àti gbànja, tí awẹ́ rẹ̀ kì í ju méjì lọ. Òmíràn pupa, òmíràn funfun, òmíràn sì wà láàárín méjèèjì. Kò sí ẹni tó ń jẹ obì yó. Síbẹ̀, ó ti tó nǹkan bí ẹgbẹ̀ta ọdún tí àwọn oníṣòwò ti ń fi orí, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ ojú irin àti tírélà gbé e lọ sí ibi tí igi rẹ̀ kò lè hù láéláé. Ohun tó ń ṣe fún ọpọlọ ẹni tó bá jẹ ẹ́ ló fà á. Obì ń lé oorun, ó ń mú ọkàn dúró sójú kan, ó ń jẹ́ kí ara ẹni yá gágá, ó sì ń mú kí ènìyàn gbàgbé ebi fún ìgbà díẹ̀.

Ẹni tó bá gé awẹ́ gbànja tútù jẹ fún ìgbà àkọ́kọ́, kíkorò rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé. Ẹnu á fà, itọ́ á pọ̀, itọ́ náà á sì pọ́n bí ìpẹtà. Bí ó bá mu omi lé e, omi ọ̀hún á dùn lẹ́nu rẹ̀ ju bí ó ti rí tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn arìnrìn-àjò tí kò rí omi tó dára mu lójú ọ̀nà mọ àǹfààní yìí láti ìgbà láéláé. Àwọn tó mọ obì jẹ kì í kánjú gbé e mì. Wọ́n á rún un díẹ̀díẹ̀, wọ́n á fi sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n á máa fa omi rẹ̀ mu. Kí wákàtí kan tó pé, ojú á ti dá, ọ̀rọ̀ á máa wá sí ẹnu wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, iṣẹ́ tó ti ń súni tẹ́lẹ̀ á sì tún ṣeé dojú kọ.

Àwọn Haúsá ló sọ gbànja di ọjà ńlá. Ilẹ̀ wọn jìnnà sí igbó, igi obì kò sì lè fara da ọ̀gbẹlẹ̀ ibẹ̀. Ìwé ìtàn àwọn ọba Kano fi hàn pé ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, ọ̀nà ìṣòwò tó lọ láti Bornu dé Gonja, ní àríwá ilẹ̀ tí ń jẹ́ Ghana lónìí, ti là. Leo Africanus, arìnrìn-àjò tí wọ́n tẹ ìwé rẹ̀ lórí Áfíríkà jáde ní 1550, mẹ́nu ba èso kíkorò kan tí àwọn ènìyàn ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú ń jẹ, tí wọ́n ń pè ní goro. Orúkọ yẹn kan náà ni àwọn Haúsá ń pè é títí di òní. Inú igbó Asante ni wọ́n ti ń ká a. Nígbà tó di ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọjà Salaga ní ilẹ̀ Gonja ni àwọn oníṣòwò Kano ti ń rà á, láti Gonja yìí náà sì ni orúkọ gbànja ti wọ èdè Yorùbá. Àlọ àti àbọ̀ ìrìn àjò yìí lè gba oṣù mẹ́fà, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Odò wà láti sọdá, owó oníbodè wà láti san, àwọn ọlọ́ṣà wà lọ́nà.

Ohun tó mú òwò náà le ju gbogbo èyí lọ ni pé ohun abẹ̀mí ni obì tútù. Bí oòrùn bá pa á, ó gbẹ. Bí omi bá pọ̀ lára rẹ̀, ó jẹrà. Bí kòkòrò kan bá sì wọ inú apẹ̀rẹ̀, yóò dá gbogbo rẹ̀ lu. Nítorí náà ewé ni wọ́n fi ń tẹ́ inú apẹ̀rẹ̀, ewé gbòòrò tútù, wọ́n á to obì sí i, wọ́n á tún fi ewé bò ó. Lójú ọ̀nà, ní ọjọ́ mélòó kan síra, wọ́n á tú ẹrù, wọ́n á ṣa èyí tó ti bàjẹ́ kúrò, wọ́n á pààrọ̀ ewé tó ti rọ, wọ́n á wọ́n omi díẹ̀ sí i, wọ́n á sì tún un dì. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí lè tọ́jú obì fún ọ̀pọ̀ oṣù láìjẹ́ pé ó pàdánù ẹwà rẹ̀. Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni, ó sì yẹ kí wọ́n kà á mọ́ àwọn iṣẹ́ ọwọ́ ńláńlá ilẹ̀ Áfíríkà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ka aṣọ híhun àti irin rírọ mọ́ ọn.

Ẹ̀sìn Ìsìláàmù ló fi ìdí obì múlẹ̀ ní ìlú ńláńlá ilẹ̀ Haúsá. Ọtí jẹ́ èèwọ̀ fún Mùsùlùmí, obì kò sì rí bẹ́ẹ̀. Àlùfáà tó ń fi òru ka ìwé lábẹ́ iná fìtílà, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ Kùránì sórí wàláà, ẹni tó ń ṣe àìsùn nínú oṣù Ramadan, gbogbo wọn ló nílò ohun tí yóò lé oorun láìpa wọ́n ní ọtí. Oníṣòwò nílò rẹ̀ níbi tó ti ń ná ọjà, ìdílé nílò rẹ̀ níbi ìgbéyàwó, ọba sì ń fi ránṣẹ́ sí àlejò gẹ́gẹ́ bí àmì ọlá. Nígbà tí Heinrich Barth, arìnrìn-àjò ará Jámánì, dé Kano ní 1851, ó ṣàkíyèsí pé obì ti di ohun kòṣeémáàní fún àwọn ará ìlú bí tíì àti kọfí ti jẹ́ fún àwọn ará Yúróòpù. Òótọ́ ọ̀rọ̀ yẹn jinlẹ̀ ju bí òun fúnra rẹ̀ ti lè mọ̀ lọ, nítorí ohun kan náà ló wà nínú obì, tíì àti kọfí, nígbà náà sì rèé, kò tíì sí ẹni tó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó wà nínú obì.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, àbàtà ni obì àbáláyé. Òun ni wọ́n ń lò níbi ìsọmọlórúkọ, níbi ìgbéyàwó, níwájú òrìṣà àti nígbà tí àlejò bá wọlé. Àbàtà olójú mẹ́rin ni wọ́n fi ń da obì láti mọ ohun tí òrìṣà wí. Gbànja kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn, nítorí awẹ́ rẹ̀ kò pé mẹ́rin. Èyí kò túmọ̀ sí pé àwọn Yorùbá kì í jẹ obì láti fi lé oorun. Ọdẹ tó ń dẹ̀gbẹ́, àwọn tó ń ṣọ́ òkú, babaláwo tó ń kọ́ ẹsẹ̀ Ifá mọ́jú, gbogbo wọn mọ̀ ọ́n. Àmọ́ nínú àṣà Yorùbá, jíjẹ obì máa ń wà láàárín ènìyàn méjì ó kéré tán. Wọ́n á pa á, wọ́n á wúre sí i kí ó bi ikú, kí ó bi àrùn, àgbà á mú tirẹ̀, awẹ́ yòókù á sì yí ká. Bí àwọn méjì bá ń bínú síra wọn, obì ni wọ́n máa ń gbé kalẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ìyípadà tó ń bá ọkàn àwọn tó jókòó níbẹ̀ pín sí méjì: apá kan ti inú obì wá, apá kejì ti inú pípín in jẹ wá, kò sì rọrùn láti ya ọ̀kan kúrò lára èkejì.

Ní àwọn ibì kan tí òwò ẹrú gbé àwọn Yorùbá dé, àìrí obì mú kí wọ́n ya iṣẹ́ obì méjèèjì, ti ẹ̀sìn àti ti lílé oorun, sọ́tọ̀. Ní Bahia ní ilẹ̀ Brazil, ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín Èkó àti Salvador ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń kó obì àti orógbó wá pẹ̀lú ọṣẹ dúdú, aṣọ àti epo pupa, nítorí náà àwọn ilé Candomblé, ìyẹn ẹ̀sìn òrìṣà ibẹ̀, ṣì ń lo obì gan-an. Ní Cuba, àgbọn tí wọ́n gé sí mẹ́rin ló gba ipò rẹ̀ níwájú òrìṣà, wọ́n sì ń pe àgbọn náà ní obí. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ń lé oorun nínú àgbọn. Kọfí ló gba iṣẹ́ yẹn. Ní Jamaica, igi obì hù dáadáa, orúkọ tí àwọn Akan ń pè é ni wọ́n sì ń pè é níbẹ̀, wọ́n ń sè é mu gẹ́gẹ́ bí àgbo.

Gbànja kì í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ Yorùbá. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọkọ̀ ojú omi ń kó o láti Gold Coast, ìyẹn Ghana òní, àti Sierra Leone wá sí Èkó, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń gbé e gba òkè lọ sí ilẹ̀ Haúsá. Àwọn Saro, ìyẹn àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú tí wọ́n sì padà wá láti Freetown, mọ òwò yìí lámọ̀dunjú. Àwọn obìnrin Freetown ló ti ń gbé obì lọ sí Gambia àti Senegal tipẹ́. Kò pẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ agbègbè Àgégé fi rí i pé ohun tí wọ́n ń fi owó gọbọi rà láti òkè òkun lè hù lórí ilẹ̀ tiwọn. Jacob Kẹ́hìndé Coker, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ìjọ African Church, wà lára àwọn tó gbin kòkó àti gbànja sí oko ńlá ní Ìfàkò, òun ló sì ṣáájú ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ Àgégé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1907. Àwọn lébìrà tó wá ṣiṣẹ́ nínú oko wọ̀nyí kò padà sílé lọ́wọ́ òfo. Wọ́n mú irúgbìn dání, bẹ́ẹ̀ ni gbànja ṣe tàn dé ilẹ̀ Ẹ̀gbá àti Rẹ́mọ.

Ọkọ̀ ojú irin parí iṣẹ́ náà. Ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn ní nǹkan bí 1901, ó sì dé Kano ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà. Ìrìn tó ń gba oṣù tẹ́lẹ̀ di ìrìn ọjọ́ mélòó kan. Obì tí ó kúrò ní Àgégé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ lè wà lórí àtẹ ní Kano kí ọ̀sẹ̀ tó parí, èyí tó bàjẹ́ lọ́nà sì dín kù gidigidi. Gbànja dẹ́kun láti jẹ́ ohun ọlọ́lá nìkan. Lébìrà, alápatà, darandaran àti ọlọ́dẹ tí ń ṣọ́ ilé lóru bẹ̀rẹ̀ sí í rí i rà lójoojúmọ́. Ní 1916, wọ́n ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn Haúsá ní Ìbàdàn, ibẹ̀ ló di Sábó, obì àti màlúù sì ni ọ̀pá tó gbé e ró. Abner Cohen, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá, gbé ibẹ̀, ó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1969. Ó ṣàlàyé bí onílé kan ṣe ń gba àlejò oníṣòwò sílé, tó ń ṣe onídùúró fún un, tó sì ń bá a wá obì láti ọwọ́ àwọn Yorùbá, láìsí ìwé àdéhùn kankan láàárín wọn.

Sábó Ṣágámù di ọ̀kan nínú ọjà obì tó tóbi jù. Ọwọ́ àwọn obìnrin ni iṣẹ́ tó le jù níbẹ̀ wà. Wọ́n á fọ́ èèpo líle, wọ́n á kó kóró tí awọ funfun bò sínú omi tàbí kí wọ́n kó o jọ títí awọ náà fi rọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á jókòó yí òkìtì rẹ̀ ká, wọ́n á máa bó o lọ́kọ̀ọ̀kan láìjẹ́ kí èékánná ha ara obì, nítorí ibi tí ó bá ti ní àpá ni ìjẹrà ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sá a sí ibòji, wọ́n á ṣa ńlá kúrò lára kékeré, pupa kúrò lára funfun. Obì funfun ló gbówó lórí jù. Gbogbo iṣẹ́ yìí ń lọ ní àgbègbè tí àwọn ènìyàn rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ gbànja, kí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí ní ìhà àríwá lè rí ohun tí yóò fi lé oorun.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì dé ìdí ọ̀rọ̀ náà díẹ̀díẹ̀. Ní 1819, Friedlieb Ferdinand Runge, ará Jámánì, yọ káféènì jáde láti inú èso kọfí. Goethe, òǹkọ̀wé ńlá nì, ló fún un ní èso náà kí ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ní nǹkan bí 1865, William Freeman Daniell, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti ṣiṣẹ́ ní etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, àti John Attfield, oníkẹ́mísírì ní London, kéde pé káféènì wà nínú obì. Daniell yìí náà ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ewé eéran tí àwọn Yorùbá fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín, nínú ìwé àwọn onímọ̀ ewéko. Káféènì inú obì gbígbẹ máa ń tó nǹkan bí 2 nínú 100, èyí tó ju ti ọ̀pọ̀ èso kọfí lọ, theobromine tó wà nínú kòkó sì wà níbẹ̀ díẹ̀. Ní ilẹ̀ Faransé, Édouard Heckel ní Marseille gba iṣẹ́ náà ṣe láti àwọn ọdún 1880. Ó polongo obì fún àwọn ọmọ ogun, wọ́n sì dán bisikíìtì tí wọ́n po obì mọ́ wò lára àwọn sójà tó ń rin ọ̀nà jíjìn. Ohun tí àwọn aláàárù ọ̀nà Salaga ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́ ni àwọn ológun Yúróòpù wá ń fi ìwọ̀n wọ̀n.

Ní 1886, John Pemberton, apòògùn ní ìlú Atlanta ní Amẹ́ríkà, po ohun mímu kan fún orí fífọ́ àti àárẹ̀ ọpọlọ. Coca-Cola ni wọ́n sọ ọ́, nítorí ewé coca àti obì. Ohun mímu yìí ló bí ọ̀kan nínú ìwádìí àkọ́kọ́ tó péye lórí bí ohun tí ènìyàn ń jẹ tàbí mu ṣe ń nípa lórí ìpọkànpọ̀. Ní 1909, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà gba agbá 40 àti kẹ́ẹ̀gì 20 tí èròjà Coca-Cola wà nínú rẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí kóòtù ní Chattanooga. Ẹ̀sùn wọn jẹ́ méjì: pé káféènì tí wọ́n fi sí i léwu, àti pé orúkọ rẹ̀ ń tan àwọn ènìyàn jẹ, nítorí kò sí coca nínú rẹ̀, obì inú rẹ̀ sì kéré tàbí kí ó má sí rárá. Ẹjọ́ náà wáyé ní 1911.

Ilé iṣẹ́ Coca-Cola rí i pé ìwádìí tó wà nílẹ̀ lórí ohun tí káféènì ń ṣe fún ọpọlọ ènìyàn kò tó. Wọ́n ké sí Harry Hollingworth, ọ̀dọ́ onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní New York. Ó gbà láti ṣe é, ṣùgbọ́n ó là á kalẹ̀ pé ohunkóhun tó bá rí ni òun yóò tẹ̀ jáde, àti pé wọn kò gbọ́dọ̀ fi ṣe ìpolówó ọjà. Ó háyà ilé kan ní Manhattan, ó sì kó ènìyàn 16 jọ síbẹ̀ fún ìdánwò tó gba nǹkan bí 40 ọjọ́. Ìyàwó rẹ̀, Leta Hollingworth, ló ń darí iṣẹ́ ojoojúmọ́. Wọ́n ń fún àwọn ènìyàn náà ní káféènì tàbí ohun tí kò ní káféènì nínú kápúsúùlù tó jọra, láìjẹ́ kí ẹni tó ń gbé e mì tàbí ẹni tó ń dán an wò mọ èwo ni èwo. Àwọn ènìyàn náà ń ṣe ìṣirò, wọ́n ń dárúkọ àwọ̀ kíákíá, wọ́n ń tẹ̀wé, àwọn tó ń dán wọn wò sì ń wo bóyá ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Àbájáde rẹ̀, tó jáde ní ìwé ní 1912, fi hàn pé káféènì díẹ̀ ń mú kí iṣẹ́ ọpọlọ yára, láìsí pé àárẹ̀ burúkú tẹ̀ lé e. Èyí tó pọ̀ jù ló ń dá oorun rú, pàápàá bí ènìyàn bá gbà á láìjẹun. Adájọ́ dá ilé iṣẹ́ náà láre ní 1911, kóòtù tó ga jù dá ẹjọ́ náà padà ní 1916, ilé iṣẹ́ náà sì fara mọ́ dídín káféènì kù. Kò sí ọ̀kankan nínú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí tó dé etí àwọn obìnrin tó ń bó obì ní Àgégé.

Bí káféènì ṣe ń ṣiṣẹ́ ti yé àwọn onímọ̀ báyìí. Bí ènìyàn bá ti jí láàárọ̀ ni ohun kan tí wọ́n ń pè ní adenosine ti ń kó jọ nínú ọpọlọ. Bí ó ti ń pọ̀ sí i ni oorun ń kun ojú. Káféènì máa ń jókòó sí ibi tí ó yẹ kí adenosine jókòó sí, kò sì ní jẹ́ kí ọpọlọ gbọ́ pé ó ti rẹ ara. Àárẹ̀ náà ṣì wà níbẹ̀. Ìró rẹ̀ ni kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín. Lára ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, ó máa ń gba nǹkan bí wákàtí márùn-ún kí ìdajì káféènì tó kúrò lára. Ẹni tó bá jẹ obì ní agogo mẹ́wàá alẹ́ ṣì ní ìdajì rẹ̀ lára ní agogo mẹ́ta òru.

Ọpọlọ tó ń rí káféènì lójoojúmọ́ á kọ́ láti máa retí rẹ̀. Bí kò bá wá, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ara á wúwo, ènìyàn á máa kanra, ìwé tó ń kà kò ní wọ orí. Ọjọ́ kan tàbí kí ó máà tó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n jẹ ẹ́ kẹ́yìn ni èyí máa ń bẹ̀rẹ̀, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ kan kí ó tó lọ. Àwọn tí ń jẹ gbànja lójoojúmọ́ mọ̀ ọ́n dáadáa ní ọjọ́ àkọ́kọ́ nínú ààwẹ̀ Ramadan, nígbà tí obì àárọ̀ kò sí. Nítorí náà, apá kan nínú ìdùnnú tí obì àárọ̀ ń fún ẹni tó ti mọ́ lára kì í ṣe èrè tuntun. Ó kàn ń dá a padà sí ipò tí ì bá wà bí kò bá jẹ obì rí ni.

Ọ̀rọ̀ ebi tún wà níbẹ̀, èyí ló sì yẹ kí àwọn ènìyàn fiyè sí jù. Aláàárù tó ń rin láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ń jẹ obì nítorí pé kò sí àyè láti dáná. Lébìrà tí owó rẹ̀ kò tó oúnjẹ méjì lójúmọ́ ń jẹ ẹ́ nítorí pé awẹ́ obì kò wọ́n tó ìrẹsì. Obì ń bo ebi mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n agbára tó wà nínú awẹ́ kan kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo èkuru tàbí ẹ̀kọ pẹ̀lú àkàrà. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ni ọpọlọ fi ń ṣiṣẹ́, oúnjẹ ló sì ń fún un. Ẹni tó bá fi obì rọ́pò oúnjẹ àárọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ á rí i pé ọwọ́ òun ń gbọ̀n, àyà òun ń já, inú òun ń ta òun, inú sì ń tètè bí òun.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló mú ọ̀rọ̀ lílé oorun àti àárẹ̀ ọpọlọ dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ girama ń pọ̀ sí i ní àwọn ọdún 1950, ìdánwò di ẹnu ọ̀nà tó ń là sí iṣẹ́ ìjọba, gbogbo ẹbí sì ń wo ojú ọmọ kan ṣoṣo. Ní ilé ìwòsàn Aro ní Abẹ́òkúta, tí Thomas Adéoyè Lambo sọ di olókìkí, Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ ọmọ Kánádà, rí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń ráhùn bákan náà. Wọ́n ní orí ń gbóná, ó ń ṣe wọ́n bí ẹni pé nǹkan ń rìn nínú rẹ̀, ojú ń ṣú, ìwé tí wọ́n kà kò sì yé wọn mọ́. Prince kọ nípa rẹ̀ ní 1960, ó pè é ní brain fag, gẹ́gẹ́ bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ti ń pè é. Ó rò pé irú ẹ̀kọ́ òyìnbó tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ń dá jókòó ti ìwé, lábẹ́ ìrètí gbogbo ẹbí, ló fà á.

Nínú àwọn ọdún 1980, Morakinyo, oníṣègùn ọpọlọ ọmọ Nàìjíríà, gbé ojú sí ibòmíràn: sí àìsùn àti sí ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé mì kí wọ́n má baà sùn. Àlàyé rẹ̀ bá ohun tí ojú ń rí mu. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi gbànja, kọfí tàbí oògùn ka ìwé mọ́jú fún ọ̀sẹ̀ méjì ń gbà lọ́wọ́ ara rẹ̀ ohun tó ń wá gan-an, nítorí ìgbà tí ènìyàn bá ń sùn ni ọpọlọ ń to ohun tó kọ́ sí ipò rẹ̀. Ìwé àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà ti 1994 ka àìsàn náà mọ́ àwọn tó jẹ́ ti àwùjọ kan pàtó. Àríyànjiyàn ṣì wà lórí bóyá àìsàn ọ̀tọ̀ ni tàbí àníyàn àti ìbànújẹ́ ọkàn lásán, ṣùgbọ́n kò sí oníṣègùn tó ń jiyàn pé àìsùn ń ba ìpọkànpọ̀ jẹ́.

Nàìjíríà ló ń mú obì jáde jù lọ ní àgbáyé lónìí, inú orílẹ̀-èdè náà àti àwọn tó múlé gbè é ni wọ́n sì ti ń jẹ ọ̀pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ilé ìwádìí kòkó, CRIN, ní Ìdí-Ayùnrẹ́ nítòsí Ìbàdàn, ń ṣiṣẹ́ lórí obì pẹ̀lú kòkó, kọfí, kajú àti tíì. Ọ̀rá ti rọ́pò ewé nínú ọ̀pọ̀ apẹ̀rẹ̀. Àwọn oníṣòwò kan sì ń fi oògùn apakòkòrò pa á mọ́, ohun tí ó léwu gidigidi, nítorí wọn kì í se obì kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Ní gáréèjì Èkó, Ìbàdàn àti Ṣágámù, agolo ohun mímu afúnnilókun ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ obì lórí àtẹ kan náà. Agolo Red Bull, tó kọ́kọ́ jáde ní Austria ní 1987, ní mílígíráàmù 80 káféènì àti nǹkan bí gíráàmù 27 ṣúgà nínú mílílítà 250. Awakọ̀ tírélà tó fẹ́ wakọ̀ mọ́jú lè mu méjì, kí ó sì tún jẹ gbànja lé e. Àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù sọ ní 2015 pé káféènì tí kò ju mílígíráàmù 400 lọ lójúmọ́ kò léwu fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá, àti 200 fún aboyún. Wọ́n kọ iye káféènì sí ara agolo. Kò sí ohun tó jọ ọ́ lára obì, ìwọ̀n rẹ̀ sì ń yàtọ̀ láti igi dé igi, nítorí náà ẹni tó da méjèèjì pọ̀ kò ní mọ iye tó ti wọ ara òun títí àyà rẹ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì.